Wọ́n ní kí n wá ṣe iṣẹ́ abẹ kí wọ́n lè wá sípáàmù nínú kórópọ̀n mi. Ẹ̀yin tó mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́

Télọ̀ Kétu

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé mi ò fi orúkọ mi síbẹ̀. Kétu wa ní Benin yìí kò tóbi. Bí mo bá sọ bí ṣọ́ọ̀bù mi ṣe jìnnà sí ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ́nà tó báyìí, kí n tó rán ṣòkòtò kan tán, ìròyìn ti dé ilé àna mi.

Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí mo gbé ìyàwó, a ò tíì rí ọmọ bí. Ìyá mi ti gbé oríṣiríṣi àgbo wá, inú ike omi Possotomè ló máa ń rọ ọ́ sí, ìyàwó mi á sì mu ún láì jiyàn. Òun nìkan ni gbogbo wa ń tọ́jú. Ó lọ ya fọ́tò ilé ọmọ, ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, gbogbo rẹ̀ dáa. Agbẹ̀bí kan níbí ló wá bi í pé, "Ọkọ ẹ ńkọ́? Ṣé òun ti ṣe tiẹ̀?" Ìyẹn ló gbé mi dé Kútọnu lọ ṣe spermogramme, àyẹ̀wò àtọ̀.

Nínú ìwé tí wọ́n fún mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló hàn sí mi: azoospermie. Wọ́n ní àtọ̀ jáde, ó pọ̀ tó, àwọ̀ rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n kò sí sípáàmù, ohun tín-ín-rín inú àtọ̀ tó ń fún obìnrin lóyún, kankan nínú ẹ̀, ẹyọ kan kò sí. Mo ní báwo? Èmi kì í ṣe akúra. Ara mi ń ṣiṣẹ́, ìyàwó mi ò sì ráhùn nípa ìyẹn rí.

Dókítà kíníìkì náà kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn mí. Ó wo ìwé, ó ní kí n padà wá ní Mọ́ńdè, pé àwọn á la kórópọ̀n mi méjèèjì, àwọn á mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀, àwọn á wò ó bóyá sípáàmù wà nínú ẹ̀. Biopsie ló pè é. Mo bi í pé bí wọ́n bá rí i ńkọ́, ó ní, "Ìgbà yẹn la ó tó sọ̀rọ̀ FIV," ìyẹn kí wọ́n pa ẹyin obìnrin àti sípáàmù pọ̀ nínú lábò. Owó tó dá lé e, àfi kí n ta máṣíìnì tí a fi ń dí etí aṣọ, èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ayé ló ń ṣe mí. Ìyá mi ní kí n fẹ́ ìyàwó mìíràn, bíi pé ìyẹn ló máa gbé sípáàmù wá fún mi. Ìyàwó mi ló béèrè ọ̀rọ̀ gidi: "Bí wọ́n bá là á tán, tí wọn ò rí nǹkan kan ńkọ́?" Mi ò rí èsì fún un.

Ìbéèrè mi nìyí o. Ṣé òótọ́ ni pé ohun tí kò sí nínú àtọ̀ lè wà nínú kórópọ̀n? Bí wọ́n bá là á, ṣé kò ní bà mí jẹ́? Mùsùlùmí ni wá nílé, ṣé wọn ò ní fi ti ẹlòmíràn sí i? Kí sì ni kí n bi dókítà yìí kí n tó ta máṣíìnì?

Bàbá Lábò (Àjàṣẹ́)

Àbúrò, sinmi ná. Má ta nǹkan kan.

Iṣẹ́ lábò ni mò ń ṣe jẹun níbí, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Spermogramme wà lára ohun tí ojú mi ń rí jù. Mi ò kí ń ṣe dókítà, mi ò sì ní sọ pé kí o má ṣe iṣẹ́ abẹ. Ohun tí mò ń wí ni pé wọn ò tíì mọ ohun tó ń ṣe ọ́, wọ́n ti ń pọ́n ọ̀bẹ.

Azoospermie pín sí méjì. Ti àkọ́kọ́, kórópọ̀n ń ṣe sípáàmù dáadáa, ọ̀nà tó ń gbà jáde ló dí. Ti èkejì, ọ̀nà là gbayawu, kórópọ̀n gan-an ni kò ṣe é, tàbí tó ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kan tí kò sì tó ohun tó ń jáde síta. Lórí ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn, o ò lè mọ èwo ni tìẹ. Àtọ̀ tí ò ń rí, láti inú àwọn àpò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ti ń wá. Èyí tó ń ti ọ̀dọ̀ kórópọ̀n wá kéré jọjọ. Ìdí nìyẹn tí àtọ̀ fi lè pọ̀ kó sì ṣófo, tí ara ọkùnrin á sì máa ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà.

Torí náà, ó ṣeé ṣe dáadáa kí sípáàmù wà nínú kórópọ̀n kó má sì sí nínú àtọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà ló dí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí i nígbà gbogbo. Bí ó bá jẹ́ pé kórópọ̀n ni kò ṣe é, kódà lọ́wọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, bí ìdajì àwọn tí wọ́n bá là ni wọ́n ń rí i fún. Ìdajì yòókù ń lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ìdáhùn tí ìyàwó ẹ ń wá nìyẹn, obìnrin náà lọ́pọlọ.

Ohun tó yẹ kó ṣáájú ọ̀bẹ nìyí. Spermogramme kan kò tó, ṣe òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí o sì bi lábò náà ní gbangba: ṣé ẹ yí i nínú centrifugeuse? Nítorí kí a tó kọ azoospermie sórí ìwé, ó yẹ ká yí àtọ̀ náà títí ohun tó wà nínú ẹ̀ á fi rọ sí ìsàlẹ̀ túùbù, ká wá gbé ìsàlẹ̀ yẹn sábẹ́ míkírósíkópù, ká wò ó láti etí dé etí. Mo ti jókòó ti irú ìsàlẹ̀ túùbù bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí, gíláàsì kan tẹ̀ lé òmíràn, kí n tó rí ẹyọ mẹ́ta, ọ̀kan ń ju ìrù díẹ̀díẹ̀. Ìwé tí ọkùnrin yẹn gbé wá láti ibòmíràn ti sọ pé kò sí rárá. Ẹyọ mẹ́ta kò lè fún obìnrin lóyún lórí bẹ́ẹ̀dì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ICSI, sípáàmù kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fi sínú ẹyin obìnrin kan. Ẹni tó bá rí díẹ̀ nínú àtọ̀ rẹ̀ lè má nílò kí ẹnikẹ́ni là á rárá.

Bí o bá fẹ́ ṣe òmíràn, má fi àtọ̀ sínú ìgò ní Kétu kí o wá gbé e gun mọ́tò. Láàárín wákàtí kan ló yẹ kó dé ọwọ́ wa. Ibi tí lábò wà ni kí o ti ṣe é, lẹ́yìn tí o bá ti yẹra fún ìyàwó fún ọjọ́ méjì sí méje. Má lo rọ́bà, má lo ọṣẹ, kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ má sì bọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wá urologue, dókítà ojú ara ọkùnrin àti ọ̀nà ìtọ̀, tó máa fọwọ́ kàn ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń tini lójú, ó máa ń tán kíákíá. Ó máa fi ọwọ́ wo bí kórópọ̀n ṣe tóbi tó, ó sì máa wá okùn tó ń gbé sípáàmù jáde. A rí ọkùnrin tí wọ́n bí láìní okùn yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí kò sì mọ̀ títí ó fi gbéyàwó.

Kí o wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: FSH àti testosterone, họ́móònù ọkùnrin. FSH ni ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí kórópọ̀n pé kó ṣiṣẹ́. Bí kórópọ̀n bá kọ etí dídi sí i, ọpọlọ á máa pariwo, FSH á gòkè. FSH tó ga pẹ̀lú kórópọ̀n kékeré, ti èkejì ló sábà máa ń jẹ́. Bí FSH bá wálẹ̀ jù tí testosterone náà wálẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán gan-an ni kò dé, abẹ́rẹ́ họ́móònù sì lè mú kí sípáàmù padà wá láì la ẹnikẹ́ni. Ṣé o máa ń gun abẹ́rẹ́ testosterone kí àyà lè fẹ̀? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, sọ fún dókítà, torí òun fúnra rẹ̀ ń dá iṣẹ́ kórópọ̀n dúró.

Bí FSH bá ga, kí wọ́n ṣe caryotype, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń ka àwọn chromosome tí a jogún lọ́wọ́ òbí, kí wọ́n sì yẹ chromosome Y, tí ọkùnrin ní, wò. Apá kan wà lára Y tí wọ́n ń pè ní AZF. Ẹni tí AZFa tàbí AZFb tiẹ̀ bá ti gé kúrò pátápátá, ẹni tó bá la kórópọ̀n rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló máa sọ ìyẹn fún ọ. Ti AZFc yàtọ̀, wọ́n lè rí i, àmọ́ ọmọkùnrin tó bá bí á jogún ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ biopsie tí wọ́n dá fún ọ yẹn ló bí mi nínú jù. Kí a la ènìyàn "kí a fi wò ó", kí a rí sípáàmù, kí a wá dà á nù nítorí pé kò sí ibi tí a ó fi pamọ́ sí, kí a tún padà wá là á lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí FIV bá yá! Ẹni tó bá máa wá sípáàmù, kó múra láti fi í pamọ́ lọ́jọ́ kan náà, nínú nitrogen olómi tó tutù dé 196 nísàlẹ̀ òdo. Bi wọ́n bóyá wọ́n ní in. Bí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ yí, gba ìwé ẹ, máa lọ.

Ní ti ẹ̀sìn: láti 1980 ni Al-Azhar, ilé ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù ńlá ní Káírò, ti sọ pé FIV láàárín ọkọ àti ìyàwó rẹ̀ kò léèwọ̀, bí ti ẹlòmíràn kò bá ti wọ inú ẹ̀. Sípáàmù tí wọ́n bá mú lára ẹ, tìẹ ni. Bi Ìmáámù ẹ, kí o sì ka ìwé tí wọ́n bá ní kí o fọwọ́ sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ẹlòmíràn máa ń sápamọ́ sí.

Èmi náà bi ọ́: ṣé o ṣe ṣegede rí lẹ́yìn tí o ti bàlágà? Ṣé o ní àtọ̀sí rí? Ṣé kórópọ̀n ẹ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ ní kékeré? Ṣé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún ọ rí?

Ewé Ń Jẹ́

Ẹ̀yin lẹ ń fi ọ̀bẹ dẹ́rù ba ọmọ ènìyàn. Àgúnmu ọjọ́ méje wà níbí, àtọ̀ á ki, ìbejì ló máa fi bí. Kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀.

Bàbá Lábò (Àjàṣẹ́)

Sípáàmù kan ń lo nǹkan bí oṣù méjì àbọ̀ kó tó dàgbà tán nínú kórópọ̀n. Ọjọ́ méje ẹ yẹn dà? Bí ọ̀nà bá sì dí, ewé wo ló máa la okùn tó ti gé? Àtọ̀ tó ki kò ní kí sípáàmù wà nínú ẹ̀. Jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ fetí sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Wàndó

Àbúrò télọ̀, ẹ kú ìnira. Ọkọ mi náà gba ìwé tí ó kọ azoospermie sórí, ó sì pamọ́ fún mi, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i nígbà tí mò ń gbálẹ̀. Ọlọ́kadà ni, ó ní àtọ̀sí nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, oògùn ẹ̀bá ọ̀nà ló sì fi wò ó. Àtọ̀sí lọ, ọ̀nà dí. FSH rẹ̀ dáa, kórópọ̀n rẹ̀ dáa.

Tiẹ̀, wọn ò la nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fà á, láti inú okùn wíwé tó wà lẹ́yìn kórópọ̀n. PESA ni wọ́n kọ sórí ìwé. Wọ́n kun ibẹ̀ lóorun, ẹni kan sì jókòó sídìí míkírósíkópù nínú yàrá náà, ó ń sọ fún dókítà pé "mo ti rí i" tàbí "tún fà". Ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Ó jẹ àkàsà àti ẹja nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ kejì ló tó mọ̀ pé wọ́n ṣe nǹkan fóun: ó wú díẹ̀, ó dúdú díẹ̀. A fi yìnyín sínú aṣọ lé e, kì í sì í lé e lára ní tààrà o, ó sì wọ súlípù tó fún un dáadáa. Kò gun ọ̀kadà títí ó fi rọlẹ̀ pátápátá. Òun ló fẹ́ẹ́ gùn ún, èmi ni mo gba kọ́kọ́rọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ rèé, torí àwọn ọkùnrin kì í sọ ọ́. Iṣẹ́ abẹ tìẹ ni kékeré níbẹ̀. Sípáàmù tí wọ́n fà jáde bẹ́ẹ̀ kò lè dá rìn dé ọ̀dọ̀ ẹyin, nítorí náà kì í ṣe pé wọ́n á kàn dà á sínú ilé ọmọ ìyàwó ẹ. Dandan ni ICSI. Ìyàwó ẹ ló máa gun abẹ́rẹ́ sí ikùn lálaalẹ́ kí ẹyin lè pọ̀, òun ló máa lọ fún echographie (fọ́tò inú) léraléra, òun ni wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ gba ojú ara fa ẹyin rẹ̀. Ikùn mi wú débi pé ìró mi ò so mọ́. Ọlẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé sínú mi kò dúró, mo sọkún, mo dákẹ́. Àwọn tó wà nínú òtútù ni wọ́n padà gbé sí i, ìyẹn ló di Táyé àti Kẹ́hìndé. Méjì ni wọ́n gbé wọlé, ìbejì kò já bọ́ látọ̀run.

Ro ọjọ́ orí ìyàwó ẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ orí obìnrin ló ń pinnu púpọ̀ nínú bóyá ó máa dúró. Bí o bá fi ọdún méjì jiyàn pẹ̀lú ìyá ẹ lórí ìyàwó kejì, ẹyin ìyàwó àkọ́kọ́ kò ní dúró dè yín.

Ìyá ẹ, fi ìwé náà hàn án. Èmi kà á fún ìyá ọkọ mi ní Nàgó, lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà kò gbé àgbo wá fún mi mọ́. Ó ń gbé e fún ọmọ rẹ̀.

Tíṣà Ṣábẹ

Mo kà á tán, mo fẹ́ kọjá lọ, ọkàn mi kò jẹ́. Gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbí ló rí i. Èmi ò rí i.

Tíṣà ni mí ní Ṣábẹ. Kórópọ̀n mi kéré látilẹ̀, mi ò mọ̀ pé ó kéré, ta ni mo fẹ́ fi wéra? FSH mi ga fíofío. Caryotype ní chromosome X méjì ni mo ní pẹ̀lú Y kan, wọ́n ń pè é ní Klinefelter. Dókítà ní ó tó bí ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ̀ta tí wọ́n ń bí i mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní mọ̀ láé àfi ìgbà tí wọ́n bá ń wá ọmọ. Ó ní kò túmọ̀ sí pé kò sí ìrètí, pé láyé àtijọ́ wọn ì bá ti ní kí n máa lọ sílé, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn dókítà ní Brussels ti kéde oyún ICSI àkọ́kọ́ ní 1992, ìwọ̀nba sípáàmù tí wọ́n bá rí ti tó.

Èkó ni mo ti ṣe é. Micro-TESE ni, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Wọ́n sọ fún mi pé New York ni wọ́n ti gbé irú rẹ̀ jáde ní 1999: wọ́n á ṣí kórópọ̀n sílẹ̀ bí ẹni ṣí ìwé, wọ́n á fi míkírósíkópù iṣẹ́ abẹ tó ń sọ nǹkan di ńlá lọ́nà ogún wo àwọn okùn kéékèèké inú rẹ̀. Èyí tó bá sanra tó funfun díẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun ni wọ́n ń já, torí nínú rẹ̀ ni sípáàmù lè wà. Ẹran tí wọ́n ń mú kéré gan-an sí ti biopsie àtijọ́ tí wọ́n kàn ń gé láìmọ ibi tí wọ́n ń gé. Wọ́n kùn mí lóorun pátápátá. Ó pẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Wọn ò rí nǹkan kan. Kò sí ẹni tó ṣe iṣẹ́ burúkú níbẹ̀, mo fẹ́ kó yé yín. Ó kàn jẹ́ ìdajì tó ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo ni.

Ohun tó dùn mí di òní yàtọ̀ síyẹn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fa ẹyin ìyàwó mi. Wọ́n ní sípáàmù tútù ló dára jù, kí a ṣe méjèèjì pọ̀. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá kejì, ẹyin rẹ̀ wà nínú àwo, kò sì sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi pàdé rẹ̀. Wọ́n bi wá níbẹ̀, èmi tí oorun kò tíì dá lójú mi, bóyá kí wọ́n fi ẹyin pamọ́ tàbí kí wọ́n lo sípáàmù ẹlòmíràn. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n ti bi tọkọtaya lórí àga, ní ọ́fíìsì, oṣù kan ṣáájú. Arákùnrin mi, bí tìẹ bá lọ jẹ́ irú tèmi, mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tìẹ, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n bá rí pamọ́ sínú òtútù, kí ìyàwó ẹ tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ owó ńlá. Àwọn kan á ní díẹ̀ nínú sípáàmù lè kú nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú òtútù. Ó lè ṣẹlẹ̀. Èmi á yan ìyẹn.

Nípa "ṣé kò ní bà mí jẹ́": egbò jinná. Àmọ́ testosterone mi tí kò pọ̀ tẹ́lẹ̀ tún wálẹ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ̀ mí, mi ò nífẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan, ìyàwó mi rò pé ìbànújẹ́ ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló fi hàn. Oògùn ni mò ń lò báyìí, ara mi ti padà. Sọ fún wọn kí wọ́n yẹ testosterone ẹ wò ṣáájú àti lẹ́yìn.

Ọmọ àbúrò ìyàwó mi ń gbé lọ́dọ̀ wa báyìí. Ó ń bú mi nísinsìnyí pé mo di fóònù mú láti àárọ̀.

Bàbá Lábò (Àjàṣẹ́)

Tíṣà, ẹ ṣeun gidi. Mo fara mọ́ ọn: ẹni tí tiẹ̀ bá jẹ́ irú èkejì, kí wọ́n ti ọkùnrin ṣe ṣáájú. Bí ọ̀nà ló dí, kò le tó bẹ́ẹ̀, torí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọ́n á rí i. Àti fún ẹni tí wọn ò bá rí nǹkan fún lẹ́ẹ̀kan, tó tún fẹ́ dán an wò, kí ó fún kórópọ̀n láyè bí oṣù mẹ́fà kó tó jinná dáadáa.

Télọ̀ Kétu

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo dúpẹ́. Tíṣà, Ọlọ́run á bá yín wo ọmọ yẹn dàgbà.

Mo ti rí urologue, ẹlòmíràn, kì í ṣe ti kíníìkì àkọ́kọ́. Ó fọwọ́ kàn mí, ojú tì mí, ó tán. Ó ní kórópọ̀n méjèèjì tóbi dáadáa. FSH mi jẹ́ 5, wọ́n ní ó wà níbi tó yẹ kó wà. A tún spermogramme ṣe, mo bi wọ́n ní ti centrifugeuse, ọmọbìnrin ibẹ̀ wò mí bíi pé dókítà ni mí. Síbẹ̀ kò sí.

Bàbá Lábò, ìbéèrè yín nípa ìpá ni mo gbé lọ bá ìyá mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí mi ò tíì lọ iléèwé, wọ́n ṣe é fún mi lápá ọ̀tún àti òsì. Mo ti ń rí àpá méjèèjì láti kékeré, mo rò pé ilà ni! Urologue ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gé okùn náà tàbí kí wọ́n so ó mọ́ra nígbà yẹn, torí pé nínú ọmọ kékeré okùn náà tín-ín-rín púpọ̀. Ìyá mi sọkún, mo ní kò sí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, ìpá náà ì bá pa mí.

Ṣé a lè tún okùn náà so? Tàbí kí n lọ sí ti abẹ́rẹ́ bíi ti ọkọ Ìyá Ìbejì? Kútọnu ni àbí Èkó?

Ìyá Ìbejì Wàndó

Ilà! Mo rẹ́rìn-ín títí Táyé fi jí.

Bàbá Lábò (Àjàṣẹ́)

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ ń lọ sí apá ibi tó sàn.

Ṣùgbọ́n má tíì jó. FSH tó dáa àti kórópọ̀n tó tóbi kò fi dájú pátápátá pé ọ̀nà ló dí. Àwọn kan wà tí wọ́n ní méjèèjì bẹ́ẹ̀, tí sípáàmù wọn sì ń dúró láàárín ọ̀nà, tí kì í dàgbà tán. Àpá ìpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ló mú kí tìẹ ṣeé gbàgbọ́. Torí náà bi dókítà ẹ ṣáájú: bí abẹ́rẹ́ kò bá mú nǹkan jáde, ṣé ẹ ti múra láti ṣí i lọ́jọ́ kan náà, àbí ẹ máa rán mi lọ sílé kí n tún padà wá sanwó mìíràn?

Títún okùn so ṣeé ṣe nígbà mìíràn, ó sì máa ń dára fún ẹni tó gé tiẹ̀ fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí, torí ibi tí wọ́n gé kò jìnnà. Ti ìpá, inú ikùn lọ́hùn-ún ni okùn ti já, láti kékeré, ó sì lè ti fà kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó le. Kí urologue tó ń fi míkírósíkópù ṣiṣẹ́ sọ ohun tó rí. Bó bá rọrùn, ẹ lè bímọ lórí bẹ́ẹ̀dì yín láìsí FIV. Bí kò bá rọrùn, abẹ́rẹ́ àti ICSI ló kù.

Kútọnu tàbí Èkó, mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn. Èkó ti pẹ́ lórí FIV, 1989 ni wọ́n ti bí ọmọ FIV àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ka owó ọkọ̀, owó ibùsùn, àti iye ìgbà tí ìyàwó ẹ máa gba bọ́dà Ìgólò kọjá fún echographie, o lè rí i pé Kútọnu dín owó kù. Ibi yòówù kó jẹ́, má gba iye owó lábala lábala. Ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan: iṣẹ́ abẹ tìẹ, oògùn ìyàwó ẹ, fífa ẹyin, ICSI, gbígbé e wọlé, àti owó tí wọ́n ń gbà lọ́dọọdún láti fi sípáàmù pamọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n máa ń gbàgbé láti dárúkọ.

Kí o sì bèèrè ẹni tó máa jókòó sídìí míkírósíkópù nígbà tí wọ́n bá ń fa tìẹ. Embryologiste ni wọ́n ń pè é. Ní kí wọ́n jẹ́ kí o bá a sọ̀rọ̀, kí o bi í bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ sára túùbù, nítorí ìbéèrè ẹ nípa ti ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá ní kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, sún ọjọ́ síwájú.